Ẹ Má Fá Orúkọ Oníṣòwò Nù

Bí ẹ bá rí àpótí onígi àtijọ́ láti Japan, tí irin dúdú bo igun rẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ wo irin náà. Ẹ fa ọ̀kan nínú àwọn dúrọ́à rẹ̀ jáde, kí ẹ sì yí ìdí rẹ̀ sókè. Ẹ lè rí ìkọ̀wé tàdáwà níbẹ̀: orúkọ ẹni tó ni ín, tàbí ọdún tí wọ́n kàn án. Ìkọ̀wé yìí gan-an ni àwọn kan tí ń tún un ṣe fún títà ń fi sáńpépà fá dànù, kí igi lè máa dán. Ó ń bí mi nínú.

Tansu ni wọ́n ń pè é. Láyé ìjọba Tokugawa, láti 1603 dé 1868, ọ̀kan ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ akọ̀wé nínú ṣọ́ọ̀bù, fún ìwé gbèsè àti òǹtẹ̀. Òmíràn ní ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, kí wọ́n lè tètè tì í sá bí iná bá ṣẹ́. Nígbà tí iná ńlá jó Edo, tí í ṣe Tokyo òní, ní 1657, irú èyí tí àwọn ènìyàn tì jáde dí ojú ọ̀nà mọ́ àwọn tó ń sá. Ìjọba padà fòfin dè é.

Ti àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi tó ń ná ọjà láti Osaka dé Hokkaido ni mo fẹ́ràn jù. Igi keyaki tó le ni ìta rẹ̀, igi kiri tó fúyẹ́ ni inú. Wọ́n ní bí ọkọ̀ bá rì, àpótí náà yóò léfòó. Kiri yóò wú nínú omi, dúrọ́à yóò sì tì pinpin. Owó wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo làálàá tí wọ́n ṣe kí ìwé má baà tutù! Ẹni tí ìwé ìṣirò rẹ̀ bá bómi lọ, ta ni yóò bi ní gbèsè?

Ẹni tó rà á lónìí lè gbé tẹlifíṣọ̀n lé e. Owó rẹ̀ ni, ilé rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí òkun kò lè bàjẹ́, kí sáńpépà wá bà á jẹ́? Àwa tí ère baba wa wà nínú mùsíọ́mù Yúróòpù láìsí orúkọ ẹni tó gbẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn wá ju ẹlòmíràn lọ.

Ẹ̀yin tí ń ra irú ẹrù yìí, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n ti fá inú rẹ̀. Bí wọn kò bá tíì fá a, ẹ ya fọ́tò gbogbo ìkọ̀wé tó wà níbẹ̀ kí káfíńtà tó fọwọ́ kàn án.