Ṣéńjì Ta Ni?

"Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o, mi ò ní ṣéńjì o!" Kò sí ẹni tó ń wọ dánfó ní Èkó, láti Ojúẹlẹ́gba lọ sí Yábà tàbí Muṣin, tí kò gbọ́ igbe yìí rí. Òfin ni lẹ́nu kọ̀ńdọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ tán, tó tún na ẹgbẹ̀rún kan náírà jáde lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti gbéra, èébú tó bá gbà, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á.

Yorùbá ní "ṣẹ́ owó" tirẹ̀, síbẹ̀ ṣéńjì, ọ̀rọ̀ àlejò láti inú "change" Gẹ̀ẹ́sì, ti di onílé. Ó tilẹ̀ ti kúrò lórí owó. Bí ọ̀rẹ́ ẹni bá dédé kọ̀yìn síni, ohun tí ọmọ Muṣin máa sọ ni pé, "Ó ṣéńjì fún mi."

Àwọn olóṣèlú náà rí i pé ó dùn lẹ́nu. Ní 2015, òun ni ẹgbẹ́ APC fi polongo ìbò ààrẹ tí Muhammadu Buhari fi borí Goodluck Jonathan. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án 2016, Buhari ṣí ètò "Change Begins With Me": kí oníkálùkù kọ́kọ́ tún ìwà ara rẹ̀ ṣe. Ohun tí kọ̀ńdọ́ ń wí náà nìyẹn, pé kí kálukú mú ṣéńjì tirẹ̀ wá. Kọ̀ńdọ́ tiẹ̀ sàn, torí kí èrò tó wọlé ló ti ń pariwo. Ìjọba ní tirẹ̀ dúró títí ìbò fi parí. Àṣírí tún tú pé wọ́n ṣàdàkọ apá kan ọ̀rọ̀ tí Buhari fi ṣí ètò náà láti inú ọ̀rọ̀ ìṣẹ́gun Barack Obama ní 2008. Ilé-iṣẹ́ ààrẹ tọrọ àforíjì. Ṣéńjì ọlọ́ṣéńjì ni wọ́n ń ná!

Gbogbo ayé ló ń bú kọ̀ńdọ́ pé ó ń jẹ ṣéńjì, ṣùgbọ́n níbo ni kó ti rí owó wẹ́wẹ́? Ní 2007, Báńkì Àpapọ̀ gbé owó onírin tuntun jáde, kọ́bọ̀ 50, náírà kan àti náírà méjì. Ọjà kò gbà á. Ní ìparí 2022, wọ́n pààrọ̀ náírà 200, 500 àti 1,000; nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ 2023, owó pòórá débi pé àwọn ènìyàn ń fi owó ra owó lọ́wọ́ àwọn oní-POS, títí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fi ní kí wọ́n máa ná ti àtijọ́ lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, owó ọkọ̀ bá fò sókè. Kí ni náírà márùn-ún tún fẹ́ rà?

Ìdí nìyí tí kọ̀ńdọ́ fi ń so èrò méjì pọ̀. Ó lè na owó kan ṣoṣo sí ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí wọn kò mọ ara wọn rí, kí wọ́n lọ pín in fúnra wọn. Àwọn tó kù nínú ọkọ̀ á máa kí wọn kú oríire ìgbéyàwó. Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ ní Yábà, ó di kí wọ́n máa wá oníomi inú ọ̀rá tó máa bá wọn ṣẹ́ ẹ.

Nínú bọ́ọ̀sì BRT, káàdì ìsanwó Cowry ti lé ìjà yìí lọ. Nínú dánfó, àwọn kọ̀ńdọ́ kan ti ń ka nọ́ńbà àkáǹtì fún èrò báyìí. Owó á pé géérégé lórí fóònù, ṣùgbọ́n bí nẹ́tíwọ̀kì bá fà sẹ́yìn, kọ̀ńdọ́ á dí ẹnu ọ̀nà: kò tíì rí alert.