Oríyìn fún Àwọn Tí Kò Fi Ìṣirò Òkúta Liberia Pamọ́

Iyanrìn ni erékùṣù Bushrod. Láti ọjà Duala títí dé Point Four àti New Kru Town, bí wọ́n bá gbẹ́ ilẹ̀, iyanrìn ni ọkọ́ ń bá, omi ló sì ń tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń tajà ní Monrovia mọ àdúgbò yìí dáadáa. Wọ́n mọ bí òkun ṣe ń jẹ etí ilẹ̀ rẹ̀, tí ilé ń bá omi lọ, títí ó fi di pé wọ́n ń kó òkúta ńláńlá dí etíkun kí omi má baà gbé ilé ẹ̀kọ́ D. Twe mì. Ṣùgbọ́n ní gúúsù, lẹ́yìn èbúté Freeport, ilẹ̀ kan yọrí sókè nínú òkun tí omi kò rí nǹkan kan ṣe fún. Cape Mesurado ni. Orí rẹ̀ ni òkè Ducor wà, níbi tí wọ́n ṣí hòtẹ́ẹ̀lì Ducor sí ní 1960. Òkúta dúdú tó wúwo ló gbé e dúró. Dólẹ́ráìtì ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè é, òkúta yíyọ́ abẹ́ ilẹ̀ ló sì jẹ́ kó tó dì.

Òkúta yìí àti àwọn ìbátan rẹ̀ tó wà káàkiri Liberia ló mú wa kọ̀wé lónìí, kí a lè dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn kan. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Àwọn èèyàn wọ̀nyí gbé òòlù, wọ́n fọ́ òkúta, wọ́n wọn ohun tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ìṣirò kan sì jáde tó fẹ́ dójú tì wọ́n, wọ́n tẹ̀ ẹ́ síta bó ṣe rí.

Kí oríyìn wa tó lè yéni, ó yẹ ká mọ ohun tí wọ́n ń wá. Abẹ́ ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ kì í ṣe iná tó ń ṣàn láti òkè dé ilẹ̀, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò. Àpáta líle ló pọ̀ jù níbẹ̀, ó kàn gbóná gan-an ni. Níbi tí ooru bá ti lé sí i, tàbí tí ẹrù tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bá ti dín kù, díẹ̀ nínú àpáta náà á yọ́. Omi òkúta yìí ni magma. Ó fúyẹ́ ju àpáta tó yí i ká lọ, nítorí náà á máa wá ọ̀nà lọ sókè. Bó bá já sí ojú ilẹ̀, òkè ayọnáyèéfín nìyẹn. Bí kò bá já, á há sáàárín àpáta, á sì dì síbẹ̀ bíi ti Ducor. Kò sẹ́ni tó lè sọ̀ kalẹ̀ lọ bù ú wò ní 100 kìlómítà sábẹ́ ilẹ̀. Èyí tó dì lókè nìkan la ní lọ́wọ́, inú rẹ̀ la sì ti gbọ́dọ̀ wádìí ibi tó ti wá àti ohun tó bá pàdé lọ́nà.

Ẹni tó bá ti rọ epo pupa sínú ìgò nígbà ọyẹ́ ti mọ apá kan ẹ̀kọ́ náà. Epo kì í dì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tó ki á kọ́kọ́ dì, á lọ sísàlẹ̀; èyí tó ṣàn á wà lókè, bí a bá sì da ti òkè sínú ìgò mìíràn, epo ọ̀tọ̀ la ní lọ́wọ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni magma ń ṣe bó bá ń tutù. Ẹ̀yà tó ń jẹ́ olivine ló sábà máa ń kọ́kọ́ dì nínú irú ti Liberia, á sì kó magnesium àti nickel lọ. Omi tó ṣẹ́kù á wá ní sílíkà, sodium àti potassium jù ti àtẹ̀yìnwá lọ. Norman Bowen, ọmọ Kánádà, fi iná ìléru inú yàrá ìwádìí yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, ó sì kọ ìwé ńlá lé e lórí ní 1928. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá wọn magnesium òkúta kan lè sọ bóyá magma rẹ̀ sáré gòkè tààrà tàbí ó ti dúró sinmi lọ́nà, tó ti já apá kan ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Sílíkà inú dólẹ́ráìtì Liberia tó nǹkan bí 50 nínú 100. Àpáta granite, irú èyí tí Olúmọ wa ní Abẹ́òkúta jẹ́, ní nǹkan bí 70. Inú magma ni àwọn méjèèjì ti wá, ṣùgbọ́n ìrìn àjò wọn yàtọ̀, àwọ̀ wọn sì ti sọ ọ́ kí ẹ̀rọ tó sọ ọ́: ọ̀kan dúdú, èkejì jẹ́ eléérú.

Apá kejì ẹ̀kọ́ náà jẹ́ ti ọjọ́ orí. Rubidium kan wà tó ń yí padà di strontium díẹ̀díẹ̀. Àpáta àtijọ́ tó wà lókè kọ́ńtínẹ́ǹtì ní rubidium púpọ̀, ìsàlẹ̀ jíjìn ní díẹ̀. Nítorí náà, bí magma bá gba inú àpáta àgbà kọjá tó sì jẹ lára rẹ̀, strontium á tú àṣírí. Potassium kan náà wà tí apá kan rẹ̀ ń di argon, ìwọ̀n tó fi ń yí padà kì í sì í yẹ̀. Bí òkúta bá yọ́, afẹ́fẹ́ argon tó ti wà nínú rẹ̀ yẹ kó sá jáde. Bó bá dì, argon tuntun tó bá ń bí á há síbẹ̀. Ka argon, o ti ka ọdún òkúta. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ rò.

Ní 1965 ni ìjọba Liberia àti ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àpapọ̀ láti ya máàpù ilẹ̀ Liberia. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ilẹ̀ ti Liberia àti USGS ti Amẹ́ríkà ló ṣe é títí di 1972. Iṣẹ́ kékeré kọ́. Igbó dídí ni Liberia, ewé àti ilẹ̀ pupa tó jinlẹ̀ ló bo àpáta rẹ̀. Ní 1967 àti 1968 wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé ẹ̀rọ tó ń wọn agbára òòfà ilẹ̀ kọjá lórí orílẹ̀-èdè náà àti etí òkun rẹ̀. Ọmọ Liberia kan wà lára àwọn tó túmọ̀ ohun tí ẹ̀rọ náà kọ sílẹ̀: Cletus Wotorson, ọmọ Grand Kru. Ní 1970, òun àti John Behrendt ará Amẹ́ríkà tẹ iṣẹ́ wọn jáde lórí etíkun Liberia àti ilẹ̀ abẹ́ òkun rẹ̀, wọ́n sì so ó pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ pípín tí kọ́ńtínẹ́ǹtì pín. Ìlà dólẹ́ráìtì gígùn ń bẹ lábẹ́ igbó, wọ́n sì ń bá etíkun rìn pọ̀. Ẹ má gbàgbé pé ní 1970, àríyànjiyàn ṣì ń lọ lórí bóyá Áfíríkà àti Amẹ́ríkà ti lẹ̀ mọ́ra rí.

Alàgbà Wotorson wọ òṣèlú lẹ́yìn náà. Wọ́n díje fún ipò ààrẹ ní 1997, wọ́n sì ṣojú Grand Kru nílé aṣòfin àgbà. Ibẹ̀ ni àwọn akọ̀ròyìn mọ̀ wọ́n sí jù. Àwa ń kí wọn fún ti 1970. Ọmọ Kru ló pọ̀ ní New Kru Town àti Point Four, ó sì wù wá kí gbogbo ọmọdé tó ń dàgbà níbẹ̀ mọ̀ pé èèyàn wọn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ìwọ̀n àti ìṣirò ka ìtàn etíkun yìí.

Lẹ́yìn èyí, Brent Dalrymple, Sherman Grommé àti Richard White kó dólẹ́ráìtì Liberia wọ yàrá ìwádìí. Wọ́n wọn èyí tó là inú àpáta oníyanrìn Paynesville, ìtòsí Monrovia. Ọjọ́ orí wọn bọ́ sáàárín mílíọ̀nù 173 àti mílíọ̀nù 192 ọdún. Ó bára mu. Wọ́n tún wọn àwọn tó là inú àpáta àgbà, ní orílẹ̀-èdè tí apá kan àpáta rẹ̀ ti tó mílíọ̀nù 2,700 ọdún. Òkúta kan náà ni, ìdílé kan náà. Síbẹ̀, ọ̀kan ní òun jẹ́ ẹni mílíọ̀nù 186 ọdún, òmíràn ní òun jẹ́ ẹni mílíọ̀nù 1,213.

Ẹ dúró wò ó. Ìyàtọ̀ yẹn ju mílíọ̀nù 1,000 ọdún lọ láàárín òkúta tó yẹ kó jẹ́ ọjọ́ orí kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ òun dùn ún wò ì bá sọ èyí tó burú nù, kó tẹ èyí tó bára mu jáde, kó sì gbọ́ ẹ kú iṣẹ́. Ta ni ì bá mọ̀? Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àwọn mẹ́ta yìí gbé òtítọ́ lọ sọ́jà. Ní 1975 wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀ jáde, 1,213 náà kò gbẹ́yìn, wọ́n sì ṣàlàyé ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ gbà á gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí: argon àtijọ́ wà nínú magma náà kó tó dì. Wọ́n gbé òkúta sórí iná ní ìpele ìpele, wọ́n ń wọn argon tó ń jáde ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Nínú irú òkúta tó ní argon àjèjì bẹ́ẹ̀, ọjọ́ orí tó bá kọ́kọ́ jáde sábà máa ń ga, ti àárín á lọ sílẹ̀, ti ìparí á tún ga. Gàárì ni àwọn onímọ̀ ń pe àwòrán náà títí dòní. Ní 1976 Dalrymple àti Marvin Lanphere kọ ọ́ fún gbogbo ayé bí a ṣe ń dá argon àjèjì mọ̀ nínú òkúta. Yàrá ìwádìí tó bá rí gàárì báyìí ti mọ̀ pé kí òun má fọwọ́ sí ọjọ́ orí náà. Nígbà tó yá, Amẹ́ríkà fún Dalrymple ní àmì ẹ̀yẹ sáyẹ́ǹsì orílẹ̀-èdè náà, ti ọdún 2003. Lójú tiwa, òkúta Liberia ní ìpín nínú rẹ̀.

Inú nọ́ńbà tí ẹlòmíràn ì bá jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí gan-an ni ìtàn magma wà. Bí argon àtijọ́ bá wà nínú òkúta tuntun, ó ní ibi tí magma ti gbé e. Ní 1989, Mauche, Gunter Faure àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wọn strontium, argon àti oxygen inú dólẹ́ráìtì Liberia pọ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣàjèjì. Kì í ṣe bó ṣe kúrò nísàlẹ̀ ló ṣe dé òkè: magma náà ti fara kan àpáta tó gbà kọjá, ó sì ti kó nínú rẹ̀. Ní ọdún tó ṣáájú, Claude Dupuy àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lo àwọn ẹ̀yà tó kéré jọjọ nínú òkúta náà, irú èyí tí wọ́n ń ka ẹyọ rẹ̀ nínú mílíọ̀nù, wọ́n sì rí orísun méjì. Ọ̀kan ni àpáta gbígbóná tó ń rọra ṣípò lábẹ́ kọ́ńtínẹ́ǹtì. Èkejì ni ìdérí àpáta àgbà tó ti lẹ̀ mọ́ abẹ́ Áfíríkà láti ayébáyé. Àwọn òkúta dúdú tí ojú wa kò lè yà sọ́tọ̀, kẹ́mísìrì ti yà wọ́n sí ilé bàbá wọn.

Titanium ló tún fi kún ìdùnnú wa. Àwọn kan nínú dólẹ́ráìtì agbègbè yìí ní titanium oxide tó ju 2 nínú 100 lọ, irú rẹ̀ kò sì pọ̀ nínú gbogbo ìdílé náà. Ibi tí a ti rí i ni Liberia àti Sierra Leone, àti ní òdìkejì òkun, Guyana ti Faransé, Surinam àti àríwá Brazil. Bí ẹ bá ti Amẹ́ríkà ti Gúúsù padà mọ́ Áfíríkà lórí máàpù, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa fara kanra.

Ní 1999, Andrea Marzoli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ jọ: Áfíríkà, Yúróòpù, Amẹ́ríkà méjèèjì. Magma kan náà ló tú jáde ní nǹkan bí mílíọ̀nù 200 ọdún sẹ́yìn, lórí ilẹ̀ tó ju mílíọ̀nù 7 kìlómítà níbùú lóròó lọ, nígbà tí òkun Àtìláńtíìkì fẹ́ ṣí. Àkókò yẹn náà ni ọ̀pọ̀ ẹ̀dá inú omi àti orí ilẹ̀ run, èéfín àti gáàsì magma náà ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Àpáta Palisades tó dojú kọ New York wà nínú ìdílé yìí, ó sì wọ erékùṣù Staten Island, níbi tí àwọn ọmọ Liberia tí ogun lé kúrò nílé pọ̀ sí, ní Park Hill. Wọ́n la òkun kọjá, wọ́n sì tún bá òkúta ilé wọn níbẹ̀. Inú wa dùn láti sọ ọ́ fún wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Liberia tí ẹ la igbó, tí ẹ ru àpò òkúta, tí orúkọ yín kò sí nínú ìwé kankan, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ẹ̀yin tí ẹ wọn òkúta náà, tí ẹ kò gé ìṣirò yín kó lè bá ìfẹ́ ọkàn yín mu, a kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ogun jà ní Liberia láàárín 1989 àti 2003, ọ̀pọ̀ nǹkan ló sì ṣègbé. Ṣùgbọ́n máàpù mẹ́wàá tí iṣẹ́ àpapọ̀ yẹn bí ṣì wà, ní 2007 sì ni USGS gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀bẹ̀ wa kò ju kékeré lọ. Kí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ohun àlùmọ́ọ́nì ní Monrovia tẹ máàpù Monrovia sórí ìwé ńlá, kí wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri ilé ẹ̀kọ́ D. Twe pẹ̀lú ègé dólẹ́ráìtì Ducor kan, kí wọ́n sì kọ orúkọ Wotorson, Behrendt, Dalrymple, Grommé àti White sábẹ́ rẹ̀. A tún bẹ àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣòwò ní Duala pé kí wọ́n dá owó férémù rẹ̀.