Láti Dùgbẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù: Wákàtí Mélòó, Náírà Mélòó?

Láti pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà ní Èkó dé Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù, nǹkan bí 5,000 kìlómítà ni. Àríwá gan-an ni bàálù ń dorí kọ. Orí aṣálẹ̀ Sàhárà ló ń gbà, ó sì ń lò tó wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. Àlọ àti àbọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ti New York kò rí bẹ́ẹ̀. Ó tó 8,400 kìlómítà, atẹ́gùn òkè tó ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn a sì máa dojú kọ bàálù nígbà àlọ, a máa tì í lẹ́yìn nígbà àbọ̀. Ìdí nìyẹn tí àlọ fi ń pẹ́ ju àbọ̀ lọ.

Oníṣòwò tó ń gbéra ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, ní ìṣirò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èkó ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ. Ọ̀nà márosẹ̀ ń gbà tó wákàtí méjì bí kò bá sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ta ló sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní sí?  Ọkọ̀ ojú irin tuntun wà, ṣùgbọ́n Mọ́níyà ló ti ń gbéra, kì í ṣe Dùgbẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ṣáájú ni èrò ní láti dé pápákọ̀. Kí bàálù tó balẹ̀, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ti di wákàtí tó lé ní mọ́kànlá.

Ṣùgbọ́n owó ni wàhálà gan-an, nítorí kìlómítà nìkan kọ́ ló ń sọ iye tíkẹ́ẹ̀tì. Dọ́là ló ń sọ ọ́. Kí ìjọba tó jọ̀wọ́ náírà fún ọjà ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì; ní 2024, ó kọjá ₦1,500. Tíkẹ́ẹ̀tì 1,000 dọ́là tí kò tó ìdajì mílíọ̀nù náírà wá di mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Òkun kò fẹ̀ sí i, aṣálẹ̀ kò sì gùn sí i.

Iye ilé-iṣẹ́ bàálù tó ń ná ọ̀nà kan tún ń kó ipa tirẹ̀ nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì. Emirates dá iṣẹ́ dúró ní Nàìjíríà ní 2022 nítorí owó rẹ̀ tó há síbí, ó di oṣù kẹwàá 2024 kó tó padà. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta 2024, Air Peace, ilé-iṣẹ́ bàálù Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í ná Gatwick ní Lọ́ńdọ̀nù láti Èkó, kò sì pẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ti ń ná ọ̀nà náà tẹ́lẹ̀ fi ń dín owó wọn kù. Ọ̀nà kan náà ni, bàálù kò sì yára jù tàtijọ́ lọ.

Nítòsí ló ti hàn jù pé kìlómítà nìkan kọ́ ló ń sọ owó. Àkírà, ní Gánà, sún mọ́ Èkó ju Àbújá lọ, síbẹ̀ ó wọ́pọ̀ kí tíkẹ́ẹ̀tì Àkírà wọ́n ju ti Àbújá, pàápàá nítorí owó orí tí ìjọba Nàìjíríà àti ti Gánà ń gbé lé e. Ní oṣù kejìlá 2024, ECOWAS pinnu pé kí wọ́n fagi lé owó orí tíkẹ́ẹ̀tì láàárín àwọn orílẹ̀-èdè rẹ̀, kí wọ́n sì dín owó pápákọ̀ kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin, láti oṣù kìíní 2026. Kí ìjọba Nàìjíríà má ṣe jẹ́ kí ìpinnu náà kú sínú ìwé.