Orin Ilé Lẹ́nu Arìnrìn-àjò

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Aklampa tí ẹ ń fẹ́ gbé orin yín lọ sí òkè òkun, ẹ gbọ́ ìtàn àwọn akọrin Fisk.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1871, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án gbéra ní Nashville, ní Amẹ́ríkà, láti fi orin wá owó fún ilé ẹ̀kọ́ wọn tí ó ti jẹ gbèsè. Ọ̀pọ̀ wọn ni a bí sínú oko ẹrú. Orin àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ. Owó tí ó wọlé kò tó nǹkan. Ojú ń tì wọ́n láti kọ orin oko ẹrú tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu òbí wọn. Ìgbà tí wọ́n kọ ọ́ ni ayé fetí sí wọn. Ní 1873, wọ́n kọrin níwájú Ọbabìnrin Victoria. Owó ìrìn-àjò wọn ni a fi kọ́ Jubilee Hall, tí ó ṣì dúró títí di òní.

Orí òkè wọ̀nyí ni àwọn baba wa sá sí nígbà tí ogun Dàhòmì ń kó ènìyàn lẹ́rú. Orin wọn ṣì wà lẹ́nu àwọn ìyá àgbà. Ẹ kọ́ ọ kí ẹ tó gba ìwé ìrìnnà. Ẹni tó gbàgbé orin ilé, kí ni yóò kọ fún ẹni tó gbà á lálejò?