Eyín tó dákẹ́ kò tíì sàn

Ọ̀rọ̀ eyín ló kàn lónìí. Nínú gbogbo àìlera tí àwọn èèyàn ń gbé wá bá àwa nọ́ọ̀sì ní Mafoluku àti agbègbè Òṣòdì níbí, eyín wà lára èyí tí wọ́n ń fi falẹ̀ jù. Ibà kì í ṣe ọmọ fún ọjọ́ méjì kí ìyá rẹ̀ má gbé e jáde. Ṣùgbọ́n eyín lè máa dun èèyàn láti ọdún Iléyá títí di Kérésìmesì, kó máa ra oògùn ìrora ní kẹ́míìsì, kó máa sọ pé yóò lọ. Nígbà tó bá yá, ìrora náà lè lọ lóòótọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

OHUN TÓ Ń GBẸ́ IHÒ SÍNÚ EYÍN

Ó pẹ́ tí a ti ń gbọ́ pé kòkòrò ló ń jẹ eyín. Títí dòní, àwọn kan ṣì ń ta oògùn akokoro nínú ọkọ̀, wọn á ní bí ẹ bá lò ó, ìdin yóò já bọ́ láti inú eyín. Kò sí ìdin kankan nínú eyín. Ohun tó wà lẹ́nu gbogbo wa, lọ́mọdé lágbà, ni àwọn kòkòrò àìfojúrí. Bí a bá jẹ nǹkan dídùn, wọ́n á bá wa jẹ ṣúgà inú rẹ̀, wọ́n á sì sọ ọ́ di omi kíkan. Omi kíkan yìí ló ń jẹ ara eyín díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe bí ṣúgà ṣe pọ̀ tó nìkan ló ṣe pàtàkì, iye ìgbà tó ń wọ ẹnu lóòjọ́ ṣe pàtàkì gan-an. Ọmọ tó ń lá sùwíìtì láti àárọ̀ di alẹ́, tàbí àgbà tó ń mu mínírà díẹ̀díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kò fún eyín rẹ̀ ní ìsinmi kankan.

Ara eyín tó wà lóde le ju egungun lọ, kò sì mọ ìrora. Nítorí náà, ihò lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kí a má mọ nǹkan kan. Ìpele tó tẹ̀ lé e rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ihò bá débẹ̀, omi tútù àti nǹkan dídùn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ta eyín. Àárín gbùngbùn ni ẹ̀jẹ̀ àti iṣan tó ń mọ ìrora wà. Ihò tó bá débẹ̀ ni kì í jẹ́ kí èèyàn sùn lóru.

Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, iṣan yẹn á kú. Iṣan tó ti kú kì í dunni mọ́, ara á tu onítọ̀hún, á ní Ọlọ́run ti wo òun sàn. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò náà ò lọ. Wọ́n á gba ìdí gbòǹgbò eyín bọ́ sínú egungun àgbọ̀n, wọ́n á sì máa kó ọyún jọ síbẹ̀. Ó lè jẹ́ oṣù díẹ̀, ó lè jẹ́ ọdún kan, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣàdédé wú.

Ọyún náà tún lè gba abẹ́ àgbọ̀n lọ sí ọrùn, kó sì dí ọ̀nà èémí. Bí ẹ bá rí ẹni tí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ wú, tí kò lè la ẹnu dáadáa, tí kò lè gbé itọ́ mì tàbí tí èémí ń ṣòro fún, ẹ má ṣe sọ pé ó di àárọ̀. Ọsibítù ńlá ni kí ẹ gbé e lọ lóru ọjọ́ náà. Eyín lè pa èèyàn.

OHUN TÍ A Ń KÓ SÍNÚ IHÒ EYÍN

Nítorí ìrora, kò sí ohun tí àwọn èèyàn wa kì í kó sínú ihò eyín: áṣáà, ògógóró, kẹrosíìnì, kódà omi bátìrì mọ́tò. Omi bátìrì máa ń jó erìgì àti ahọ́n, ó sì tún ń jẹ eyín tó kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń fi aspirin sí ẹ̀gbẹ́ eyín, ó máa ń bó ẹran ibẹ̀. Àwọn mìíràn á tú kápúsù Ampiclox dà sínú ihò náà. Oògùn yẹn kò lè dí ihò.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí a fi iyọ̀ sí kò burú, ẹ lè fi yọnu. Kànáfùrù náà máa ń mú kí ìrora rọlẹ̀, àwọn dókítà eyín pàápàá ń lo òróró rẹ̀ nínú àwọn nǹkan tí wọ́n fi ń dí eyín fúngbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lò ó láti fi sùn mọ́jú ni, kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ sì gba ọsibítù lọ. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

ÌTỌ́JÚ TÓ WÀ NÍ ỌSIBÍTÙ

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí wọ́n bá ti dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín, yíyọ ló kù. Ìyẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ṣe tètè dé sí ni ìtọ́jú á ṣe rọrùn tó, tí owó rẹ̀ á sì kéré.

Fífọ eyín: Irinṣẹ́ ni wọ́n fi ń họ ìdọ̀tí tó ti le bí òkúta mọ́ ìdí eyín, èyí tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè mú kúrò mọ́. Àwọn kan ní ó máa ń mú kí eyín mì. Kì í ṣe fífọ ló mú un mì. Ìdọ̀tí yẹn ti jẹ erìgì àti egungun tó di eyín mú tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá họ ọ́ kúrò ni ẹ ó tó mọ̀ pé ó ti ń mì.

Dídí ihò: Èyí wà fún ihò tí kò tíì dé iṣan. Dókítà á gbẹ́ ibi tó ti jẹrà kúrò, á sì fi nǹkan dí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ó padà sílé lọ́jọ́ kan náà.

Fífọ gbòǹgbò eyín, tí wọ́n ń pè ní rúùtù kánàlì: Bí ihò bá ti dé iṣan, tí eyín sì ṣì lágbára, dókítà lè yọ iṣan tó ti bàjẹ́, kó fọ inú gbòǹgbò mọ́, kó sì dí i pa. Ó lè gbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ẹ tó parí rẹ̀, owó rẹ̀ sì ju ti dídí lọ, ṣùgbọ́n eyín yín á wà lẹ́nu yín.

Yíyọ: Èyí ni ti eyín tí kò ṣeé tún ṣe mọ́. Abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora ni wọ́n á kọ́kọ́ fún yín. Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ geyín mọ́ òwú tí wọ́n fi síbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Ẹ má yọnu lọ́jọ́ náà, ẹ má máa tutọ́ ṣáá, ẹ má mu ọtí tàbí sìgá, ẹ má sì jẹ nǹkan gbígbóná. Ẹ̀jẹ̀ tó dì síbẹ̀ ló ń wo ojú egbò sàn, bí ẹ bá ṣí i kúrò, egungun á wà ní ìhòòhò, ìrora ńlá sì lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́rin. Láti ọjọ́ kejì ni kí ẹ tó máa fi omi iyọ̀ yọnu jẹ́jẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá, ẹ geyín mọ́ aṣọ mímọ́, kí ẹ sì padà síbẹ̀ kíá.

Ẹ má jókòó síwájú ẹni tó ń fi pílíásì yọ eyín lójú pópó tàbí ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù o. Irinṣẹ́ tí wọn ò sè lè kó àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tàbí kòkòrò HIV láti ara ẹnìkan sí òmíràn.

FÚN Ẹ̀YIN ÒBÍ

Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni eyín àkọ́kọ́ máa ń hù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ọmọ mìíràn lè yá tàbí kó pẹ́. Ọmọ á máa da itọ́, á máa geyín jẹ ohun tó bá rí, ara rẹ̀ sì lè má balẹ̀. Ṣùgbọ́n eyín híhù kì í fa ibà líle, kì í sì í fa ìgbẹ́ gbuuru. Ìyá tó bá ń sọ pé "eyín ló ń hù" nígbà tí ara ọmọ ń jó bí iná, ó lè jẹ́ ibà ẹ̀fọn ló ń fi ṣeré. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa. Ní ọdún 2008, oògùn olómi kan wà tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ tó ń hu eyín, My Pikin ni wọ́n ń pè é, ìlú Èkó níbí ni wọ́n ti ṣe é. Kẹ́míkà olóró kan tó ń jẹ́ diethylene glycol ló wọ inú rẹ̀ dípò èyí tó yẹ kí wọ́n lò. Àwọn ọmọ tó mu ún kò lè tọ̀ mọ́, nítorí pé kíndìnrín wọn ti bàjẹ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà ni àjọ NAFDAC kéde fáráyé pé kí wọ́n má lò ó mọ́. Ìgbà tí wọ́n fi máa kà á tán lọ́dún 2009, ọmọ 84 ló ti kú. Ní ọdún 2022, irú kẹ́míkà yìí kan náà tún wọ inú oògùn ikọ́ ní orílẹ̀-èdè Gambia, ó sì pa ọmọ tó lé ní ọgọ́ta. Àìsàn tí kò pa ọmọ ni wọ́n ń fi oògùn wò. Eyín máa ń hù fúnra rẹ̀. Ẹ fi ìka tí ẹ ti fọ̀ mọ́ ra erìgì ọmọ, tàbí kí ẹ fún un ní aṣọ mímọ́ tó tutù kó máa jẹ. Kò nílò oògùn eyín híhù kankan.

Nǹkan kejì ni eyín ọmọ ọdún mẹ́fà. Ní ìwọ̀n ọdún mẹ́fà, eyín ńlá mẹ́rin máa ń hù ní ẹ̀yìn àwọn eyín ọmọdé, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Kò sí eyín tó bọ́ kó tó hù, nítorí náà àwọn òbí rò pé eyín ọmọdé ni, wọ́n ní bó bá jẹrà, òmíràn á hù. Kò sí òmíràn. Eyín tí ọmọ yóò fi jẹun dàgbà ni. Ẹ máa yẹ ẹ̀yìn ẹnu wọn wò.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Láti ọjọ́ tí eyín kìíní bá ti hù ni kí ẹ ti máa fọ̀ ọ́. Ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride, tó tó ẹyọ ìrẹsì kan, ló tó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Láti ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà, kó tó ẹyọ ẹ̀wà kan. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ sùn ti ìgò mílíìkì tàbí ti ohun mímu tó ní ṣúgà lẹ́nu. Ẹ má sì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ ní tetracycline, tàbí kí aláboyún lò ó, nítorí ó máa ń pọ́n eyín ọmọ láwọ̀ títí ayé.

FÚN Ẹ̀YIN ÀGBÀ WA

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, kì í ṣe ọjọ́ orí ló ń mú eyín bọ́. Àrùn erìgì ni. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ tí ẹ bá ń fọnu, tí erìgì sì ń sá kúrò lára eyín, ẹ má dúró kó bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù, nítorí àtọ̀gbẹ ń mú kí àrùn erìgì le, àrùn erìgì náà sì ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ṣòro láti kápá. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan bíi nifedipine àti amlodipine lè mú kí erìgì wú. Ẹ má dá oògùn yín dúró nítorí ìyẹn, dókítà tó kọ ọ́ ni kí ẹ sọ fún.

Kí ẹ tó yọ eyín, ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, pàápàá èyí tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Ẹ jẹun, kí ẹ sì lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín kí ẹ tó kúrò nílé, àyàfi tí dókítà bá sọ pé kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì máa fi ibuprofen tàbí diclofenac tọ́jú eyín lójoojúmọ́. Wọ́n ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, wọ́n ń dá egbò sí inú ikùn, wọ́n sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹni tó ń lo eyín àtọwọ́dá, kó máa yọ ọ́ lálẹ́, kó fọ̀ ọ́, kó sì rì í sínú omi tútù. Omi gbígbóná máa ń mú kó wọ́.

ORÍN TÀBÍ BÚRỌ́Ọ̀ṢÌ?

Orín àwọn baba wa kò burú, ó ń fọ eyín. Ṣùgbọ́n iwájú nìkan ni ọ̀pọ̀ ń rin, ẹ̀yìn àti inú kì í dé. Kò sì ní fluoride tó ń mú eyín le. Bí ẹ bá fẹ́ràn orín, ẹ máa rin ín láàárọ̀, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ eyín lálẹ́ kí ẹ tó sùn. Ẹ wo ara ọṣẹ náà: èyí tó ní fluoride 1000 sí 1500 ppm ló dára fún àgbà. Tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, ẹ tu ìfófòó rẹ̀ dànù, ẹ má fi omi púpọ̀ yọnu.

Àwa tí a wà ní Mafoluku kò jìnnà sí ìtọ́jú. Dókítà eyín wà ní LASUTH n'Ìkẹjà, wọ́n sì wà ní LUTH n'Ìdí-Àràbà. Ẹ tún lè béèrè ní Jẹ́nẹ́rà Ọsibítù Ìsọlọ̀. Ẹni tó bá wà nínú ètò ìlera Ìlera Èkó, kó béèrè irú ìtọ́jú eyín tí wọ́n fi kún un. Kí ẹ lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún, bí eyín kò tiẹ̀ dùn yín.

Bí ẹ bá ń ka èyí tí eyín kan wà lẹ́nu yín tó dùn gan-an lóṣù díẹ̀ sẹ́yìn, tó sì ti dákẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dúpẹ́ pé ó ti lọ. Lọ́sẹ̀ yìí ni kí ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ máa tọ́jú ara yín o.