Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí ọ̀nà ti wá



Lọ́dọ̀ wa ní Atakpamé, àwọn ọ̀dọ́ kan ń wo yoga lórí tẹlifóònù. Wọ́n á tẹ́ ẹní, wọ́n á na apá na ẹsẹ̀, wọ́n á máa mí kanlẹ̀. Àwọn kan ní ìbọ̀rìṣà ni, kí onígbàgbọ́ má sún mọ́ ọn. Àwọn mìíràn ní eré ìdárayá lásán ni. Lójú tiwa, ìhà méjèèjì ń dájọ́ kí wọ́n tó béèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká béèrè. Ọ̀nà yoga pọ̀ ní Íńdíà. Ìwé Patanjali àtijọ́ ń kọ́ni bí a ṣe ń mú ọkàn dúró jẹ́ẹ́. Díẹ̀ ló sọ nípa ìjókòó ara. Bhagavad Gita ní tirẹ̀ sọ nípa ọ̀nà iṣẹ́ tí a ṣe láìwo èrè, ọ̀nà ìmọ̀ àti ọ̀nà ìfẹ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n èyí tí a ń fi ara ṣe, tí wọ́n ń pè ní hatha, inú tantra ló ti mú púpọ̀ nínú ohun tó ní.

Kí ni tantra? Ní èdè Sanskrit, ọ̀rọ̀ náà tan mọ́ aṣọ híhun: òfì àti òwú tí a ta sórí rẹ̀. Àwọn òyìnbó kan sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀. Àwọn ará wa kan sọ ọ́ di oògùn ìkà. Ẹ̀kọ́ ni, tí ọ̀gá fi ń lé ọmọ-ẹ̀yìn lọ́wọ́ lẹ́yìn ìtẹ̀fá tiwọn, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀ agbára tí a ń pè, èémí tí a ń darí, ara tí a kà sí ilé Shiva àti Shakti. Nínú Hathapradipika, ìwé tí Svatmarama kọ láàárín 1400 sí 1500, Shiva ló kọ́kọ́ júbà. Nítorí náà, ẹni tó ní kò sí ẹ̀sìn nídìí yoga kò sọ òótọ́.

Ṣùgbọ́n nǹkan yí padà lójú ọ̀nà. Vivekananda dé Chicago ní 1893, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé yoga fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1930 sí 1940, Krishnamacharya ń kọ́ àwọn ọmọdékùnrin ní ààfin Mysore, ìdárayá sì gba iwájú. Ní 2014, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya 21 oṣù kẹfà sọ́tọ̀ fún yoga. Nítorí náà, ẹni tó ní gbogbo ẹni tó na ara ti bọ Shiva náà ti ṣàṣejù. Onígbàgbọ́ tí kò fẹ́ ẹ ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kó fi ìmọ̀ kọ̀ ọ́.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ifá ni. Àwọn baba wa sọ fún wa pé Ilé-Ifẹ̀ la ti wá; Ifẹ̀ náà la ṣì ń pe ara wa ní Atakpamé. Ifá ti rìn jìnnà: ó di Fá lọ́dọ̀ Fọn, Afa lọ́dọ̀ Éwé, ó bá àwọn ẹrú wọ ọkọ̀ dé Kúbà àti Bràsíl. UNESCO kéde rẹ̀ ní 2005 pé ohun iyebíye aráyé ni. Odù 256 ni, oníkálukú sì ń kì í bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Àmọ́ ohun tó ṣe yoga ti ń ṣe Ifá. Ẹ̀ka ń lọ sí ìlú òkèèrè, gbòǹgbò ń gbẹ nílé. Àwa olùkọ́ tí a fi Faransé kàwé mọ Descartes dáadáa. Ìwé ńlá tí Bernard Maupoil tẹ̀ jáde nípa Fá ní 1943, lẹ́yìn tó jókòó ti àwọn awo ní Dahomey, kò sí lára ohun tí wọ́n fi kọ́ wa. Àwọn ọmọ wa mọ orúkọ ìjókòó yoga, wọn kò mọ Èjì Ogbè. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà tó mọ ẹsẹ̀ Ifá ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, láìsí ọmọ-ẹ̀yìn.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí sílẹ̀. A ń bẹ̀ yín ni pé nígbà ìsinmi tó ń bọ̀, kí ẹ rán àwọn ọmọ lọ jókòó ti bàbá àgbà. Kí wọ́n tọrọ àyè, kí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí tẹlifóònù, ní èdè Ifẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ohun tó bá ní kó má jáde, kó má jáde. Èyí tó bá yọ̀ǹda, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ fi pamọ́ sílé. Ẹ sì sọ fún wa níhìn-ín bó bá ti rí lọ́dọ̀ tiyín, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀, níbikíbi tí ẹ bá wà.