Ẹni Tí Kò Gbọ́ Èdè Ìlù, Kó Má Tún Àpàlà Pò

Ó ti di àṣà báyìí kí àwọn ọ̀dọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà lò mú orin àwọn bàbá wa, kí wọ́n tún un pò, kí wọ́n ní àwọn ti sọ ọ́ di tuntun. Mi ò bínú sí wọn. Ibi tí wọ́n ń gbé ìlù sí ni ìjà wa wà.

Kúta ni mo wà, nítòsí Ìwó. Mo ń fi orin sí mẹ́mọ́rì fún àwọn èèyàn, mo sì ń yá wọn ní sípíkà fún òde. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kò ní pẹ́ mọ ohun tí etí aráàlú ń fẹ́. Àwọn àgbà ń béèrè Hárúnà Ìṣọ̀lá, Yúsúfù Ọlátúnjí, Àyìnlá Ọmọwúrà. Ọlọ́kadà ń fẹ́ orin tó máa pé ní etí kan ṣoṣo, torí etí kejì ló fi ń gbọ́ fèrè ọkọ̀. (Ká sòótọ́, ẹ̀gbẹ́ kan íápíìsì rẹ̀ ti kú tipẹ́.)

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè sọ pé kí ẹnikẹ́ni má tún orin pò mọ́. Àwọn àwo Beatles méjì àkọ́kọ́, ti 1963, tíráàkì méjì péré ni téèpù tí wọ́n fi gbà wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù ní. Wọ́n gba ohùn sí ọ̀kan, wọ́n gba gìtá àti ìlù sí ìkejì, mónò, ìyẹn ohùn kan náà ní etí méjèèjì, ni wọ́n sì ní lọ́kàn láti pa méjèèjì pọ̀ sí. Nígbà tí wọ́n wá tà á ní sitẹ́ríò, ohùn bọ́ sí etí kan, ohun èlò bọ́ sí èkejì. Ọlọ́kadà mi á gbọ́ gìtá, kò ní gbọ́ ẹni tó ń kọrin. Irú ìyẹn tó ohun tí à ń tún ṣe. Ní 2022, Giles Martin, ọmọ George Martin tó bá wọn gbé àwọn àwo yẹn jáde, tún àwo wọn tó ń jẹ́ Revolver pò pẹ̀lú ẹ̀rọ àwọn èèyàn Peter Jackson, olùdarí fíìmù, èyí tó lè ya gìtá kúrò lára ìlù bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí tíráàkì kan náà ni wọ́n jọ wà. Mo gbọ́ ọ, iṣẹ́ náà dáa.

Ṣùgbọ́n àpàlà kì í ṣe ẹgbẹ́ onígìtá. Ìjókòó ni Hárúnà Ìṣọ̀lá fi ń kọrin, àwọn onílù á yí i ká, àwọn elégbè á wà níbẹ̀, agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo àti àkúbà á pé. Níbi tí máìkì kò bá ti pọ̀, ibi tí kálukú jókòó sí ni wọ́n fi ń po orin. Ẹni tó yẹ ká gbọ́ á sún mọ́ ọn, ẹni tí ohùn rẹ̀ le á sún sẹ́yìn. Ẹ gbé àwo rẹ̀ Oroki Social Club ti 1971 sí i, èyí tí wọ́n fi orúkọ ẹgbẹ́ kan ní ìlú Òṣogbo tó wà nítòsí wa níbí pè, kí ẹ gbọ́ bí ìlù àti ohùn ṣe jọ ń tàkúrọ̀sọ. Kò sí èyí tó jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ èkejì nínú wọn.

Ẹ̀rọ tó ń ya orin sọ́tọ̀ ti wà lọ́wọ́ gbogbo ayé báyìí. Ilé iṣẹ́ Deezer ti ilẹ̀ Faransé gbé Spleeter sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2019, àwọn ti Facebook náà ní Demucs. Apá mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń pín orin sí: ohùn, ìlù, báàsì, àti ìyókù. Bí orin òyìnbó ṣe rí ni ìpín yìí ṣe rí. Mo fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní àpàlà jẹ. Gángan, ìlù tó ń fọhùn bí èèyàn, tó ń lọ sókè sódò, ló dà á láàmú. Ó ju díẹ̀ sínú ìlù, ó ju ibi tó wúwo sínú báàsì, ìyókù lọ fara pa mọ́ sínú ohùn olórin. Gbólóhùn kan tí Àyàn, ìyẹn onílù, sọ ti di apá mẹ́ta. Ẹni tó bá wá fa ìlù wálẹ̀ kí ohùn lè yọ, ọ̀rọ̀ ló ń gé lẹ́nu, kò sì mọ̀.

Bàbá kan ní àdúgbò wa wọ ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tó wà ní Èkó ló fi orin kan ránṣẹ́, àpàlà àtijọ́ tí wọ́n tún pò, èyí tí wọ́n ti ki bàbá tó bí bàbá yìí.

Ó ní, “Ọmọ mi, wọ́n ti yọ bàbá mi kúrò nínú àwo yìí.”

Mo ní, “Bàbá, ẹ ò gbọ́ orúkọ wọn ni?”

“Orúkọ wà níbẹ̀. Oríkì ńkọ́? Àyàn ló kì í, kì í ṣe olórin.”

Mo wá ti àtijọ́ jáde, mo fi sí i. Lóòótọ́, olórin pe orúkọ, ó dákẹ́, ìlù gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó kì í dé ìdílé, ó kì í dé ilé ìyá, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan ló ń tẹ̀ lé e. Bàbá ń mi orí, ẹnu rẹ̀ ń sọ ohun tí ìlù ń sọ. Mo wá padà sí ti tuntun. Ibi tí olórin ti dákẹ́ yẹn, wọ́n rò pé òfìfo ni. Kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n gbé síbẹ̀, wọ́n sì ti ìlù sẹ́yìn pátápátá, ó kàn ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì bí ẹni tí wọ́n lé jáde nílé ara rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ á ní orin àtijọ́ kò ní báàsì. Wọn ò purọ́ tán. Máìkì àti àwo ayé ìgbà yẹn kì í sábà gbé ohùn ìsàlẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n agídìgbo ni báàsì àpàlà. Ẹ wá a lọ síbi tó wà, kí ẹ gbé e sókè, kí ẹ fi kíbọ́ọ̀dù yín sílẹ̀ fún ìṣọ́ òru.

Orí téèpù ló sì yẹ kí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí fáìlì tí ẹnì kan fà lára àwo tó ti họ. Nígbà tí Paul McCartney, tó ti wà nínú Beatles, wá gba àwo Band on the Run ní sítúdíò EMI ní Àpápá, Èkó, ní 1973, ẹ̀rọ tíráàkì mẹ́jọ ló bá níbẹ̀. Ẹnì kan lè rò pé ó kéré, àmọ́ tíráàkì mẹ́jọ tó láti fún gángan ní tirẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1979, Hárúnà Ìṣọ̀lá fúnra rẹ̀ ti kọ́ sítúdíò Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó, tíráàkì mẹ́rìnlélógún ló ní. Ẹni tí irú téèpù bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń jẹ́ kí ooru àti ọ̀rinrin bà á jẹ́, tó wá ń fi fáìlì YouTube ṣe rímíìsì, mi ò mọ orúkọ tí ǹ bá pè é.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò pọ̀. Kí wọ́n gbé ti àtijọ́ jáde pọ̀ mọ́ tuntun, kí olówó orin lè yan tirẹ̀. Kí wọ́n dán tuntun wò nínú sípíkà kan ṣoṣo kí wọ́n tó tà á. Kí wọ́n sì fi Àyàn kan jókòó ti ẹni tó ń po orin, kó máa sọ fún un pé, “Dúró, ìlù ṣì ń sọ̀rọ̀.” Àwọn onílù kò tíì tán ní Kúta, wọn ò tán ní Ìwó. Kí wọ́n sanwó iṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn àwo, torí lẹ́yìn púpọ̀ nínú àwọn tí mo ní ní ṣọ́ọ̀bù, orúkọ ọ̀gá nìkan ló wà níbẹ̀.